Ẹni Tó Kú Ní Ẹni Tó Fẹ́ràn: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Ṣe Fíìmù Ìfẹ́ àti Ìpànìyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, mo ti gbọ́ pé ẹ ń kó ara yín jọ, pé ẹ fẹ́ ṣe fíìmù tí ìfẹ́ yóò wà nínú rẹ̀, tí ẹnì kan yóò kú, tí a ó sì máa wá ẹni tó pa á títí eré yóò fi parí. Inú mi dùn sí i. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ, mo sì gbà pé ilẹ̀ wa yìí, láti orí àwọn òkè Ìkìrun dé etí odò Ọ̀tìn, ní ìtàn tó pọ̀ tó láti fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ fíìmù wa tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì ṣìnà lójú ọ̀nà, ó sì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìmọ̀ràn wọ̀nyí sílẹ̀ fún yín.

1. Ẹ mọ ìfẹ́ náà kí ẹ tó mọ apànìyàn.

Ohun tó ń ba irú eré yìí jẹ́ jù ni pé òǹkọ̀wé á to ìfẹ́ sí apá kan, á sì to ìpànìyàn sí apá kejì. Orin àti ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ wà. Tó bá yá, òkú àti ọlọ́pàá á dé, a kò sì ní rántí ìfẹ́ náà mọ́. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Inú ìfẹ́ gan-an ni ikú náà ti gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yọ ìfẹ́ kúrò nínú ìtàn yín. Bí ẹni náà bá ṣì lè kú bó ṣe kú, a jẹ́ pé ìfẹ́ náà kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ lọ tún Araromire wò, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2009, tí ó gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn fíìmù Áfíríkà, AMAA, ọdún 2010. Fẹ́mi àti Ṣọlá, ọ̀rẹ́ méjì, rí ère kan nínú ojúbọ tí a ti pa tì nígbà tí wọ́n ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún méje oríire ni ère náà ń fúnni, ọdún méje òfò ló sì ń tẹ̀ lé e. Fẹ́mi fẹ́ràn Mona, ṣùgbọ́n Ṣọlá ni Mona fẹ́. Nígbà tí ibi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ère ni gbogbo wa ń wò. Ìparí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ Fẹ́mi wà nínú rẹ̀, pé ìfẹ́ tí wọn kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni ó ti kan, tó sì ti di oró. Fíìmù náà kò sì ti ilẹ̀kùn pa: ó fi í sílẹ̀ fún òǹwòran láti pinnu bóyá ère ni tàbí ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ rèé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìfẹ́ Fẹ́mi hàn wá. A rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń wo Mona, a sì káàánú rẹ̀. Ìkáàánú wa ló fọ́ wa lójú. Kò sí ẹni tó ń fura sí ẹni tó ń káàánú.

2. Ẹ lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lọ́dọ̀ àwọn akéwì wa.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni mo rò pé ó lè mú kí fíìmù tiyín yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé.

Ní ọdún 1974, obìnrin òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, wá jókòó sí Òkukù, ó kọ́ èdè wa, ó sì ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ń ki oríkì káàkiri ìlú. Ìwé tó kọ nípa wọn, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991, àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri àgbáyé sì ń kà á títí di òní. Òkukù tí ẹ ń fojú kékeré wò, ibẹ̀ ni ayé ti wá kọ́ ohun tí oríkì jẹ́.

Ẹ wá wo bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ròyìn. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kó parí sí ẹsẹ̀. Ó ń ju gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa baba ńlá ẹni, ó kọjá lọ sí òmíràn, kò sì ṣàlàyé èyíkéyìí nínú wọn. Àlejò tó bá dúró níbẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ nǹkan kan. Ọmọ ilé náà gbọ́, ara rẹ̀ bù máṣọ, nítorí ó mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn gbólóhùn náà: ìjà tí wọ́n jà, obìnrin tí wọ́n fẹ́, ọmọ tó kú. Oríkì wà ní gbangba, ìtàn wà nínú ilé. Ẹni tí wọ́n bá sọ ìtàn náà fún lẹ́yìn náà yóò rántí oríkì tó ti gbọ́, yóò sì sọ pé, “Háà, èyí ni wọ́n ń sọ níjọ́sí!”

“Háà” yẹn ni gbogbo ẹni tó ń ṣe fíìmù ìpànìyàn ń wá. Láti ìṣẹ́jú karùn-ún, ẹ sọ ẹni tó pa á fún wa ní gbangba, lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ bí oríkì. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kan kí ọmọkùnrin tí yóò pànìyàn náà pẹ̀lú oríkì ilé rẹ̀ nínú ìnáwó, kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ nípa baba ńlá tí kì í jẹ́ kí ohun rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Inú ọmọkùnrin náà á dùn, á na owó fún ìyá àgbà. Àwa náà á rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, tí a bá rí òrùka olóògbé nínú àpò ọmọkùnrin náà, gbólóhùn yẹn á padà sí wa létí láìsí pé ẹ tún un sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tún un sọ. Ẹ má ṣe dá àwòrán àtijọ́ padà kí ẹ fi ohùn sí i láti rán wa létí. Ẹ fọkàn tán òǹwòran.

3. Rárà ìyàwó jẹ́ ìṣúra.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín. Ní agbègbè wa yìí, ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, á máa sun rárà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, á sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tó ń lọ. Ẹkún wà nínú rẹ̀. Àṣà ló ní kó sunkún, nítorí náà kò sí ẹni tó ń béèrè ìdí tó fi ń sunkún.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọbìnrin kan lè dúró láàárín ìlú kó máa ké pé ẹ̀rù ń ba òun, kí gbogbo ènìyàn máa pàtẹ́wọ́ fún ohùn rẹ̀ tó dùn. Bí ọmọbìnrin náà bá kú lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹlẹ́rìí ni gbogbo ìlú, wọn kò sì mọ̀. N kò tíì rí fíìmù kankan tó lo èyí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ ṣe é, kí àwọn ìyá tó mọ rárà dáadáa tó tán nílẹ̀.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wòlíì tàbí babaláwo bá yín tú àṣírí.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má sí nínú fíìmù. Wọ́n wà láàárín wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú á sì sáré lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ tó sì dárúkọ apànìyàn, eré ti kú nìyẹn. Òǹwòran tó ti ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ bá yín rìn, ẹ ti lé e padà sílé.

Yorùbá ti ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí yín. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Nínú ìwé méjèèjì, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó ń fi etí gbọ́, tó ń jìyà kó tó rí òkodoro. Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé wọ̀nyẹn, ìbéèrè, ìfura àti ẹ̀rí ni wọ́n fi ń mú ọ̀daràn. Ẹ wá wọn kà. Bí ẹ kò bá rí wọn rà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní i nínú àpótí.

Ẹ tún wo bí ikú ṣe rí gan-an níbí. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkìrun, bẹ́ẹ̀ ni Ìníṣà àti Òkukù náà ní tiwọn. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, wọ́n lè ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlànà ẹ̀sìn nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ̀rí ni wọ́n ń gbé wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bẹ baba olóògbé pé kó jẹ́ kí dókítà yẹ ara òkú wò, tí àwọn àgbà àdúgbò sì ń wò ó bí ẹni tí kò níwà. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìbọn kò dún, ẹnikẹ́ni kò sáré, ọkàn òǹwòran sì ti ń lù kì kì kì.

5. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ní ọkàn.

Ní 2022, Park Chan-wook, ọmọ Kòríà, gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Cannes fún fíìmù kan tó ń jẹ́ Decision to Leave. Ọkùnrin kan já bọ́ láti orí òkè gíga, ó kú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ opó rẹ̀, ìṣọ́ náà sì di ìfẹ́. Obìnrin náà wá láti Ṣáínà. Nígbà mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá le jù, á sọ ọ́ sínú fóònù kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Kòríà fún ọkùnrin náà. Ẹ wo ìdúró díẹ̀ yẹn, àárín ìgbà tó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ìfẹ́ àti ẹ̀rù ló kún ibẹ̀.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nítòsí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ibi gbogbo, èdè wọn kò sì bára mu. Ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn náà kò gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ọjà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ fún un ni yóò pinnu ohun tó máa gbọ́ àti ohun tí kò ní gbọ́. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá wá jẹ́ ẹni tí ọlọ́pàá náà ń fẹ́ ńkọ́?

6. Ẹ bọ̀wọ̀ fún òkú.

Èyí ká mi lára púpọ̀. Ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń pa nínú irú fíìmù yìí, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí kámẹ́rà máa wo itan rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ọmọ ẹnì kan ni. Kí ó tó kú, ẹ jẹ́ ká mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó jẹ lówó, orin tó ń kọ nígbà tó ń fọṣọ, ohun tó fẹ́ dà lọ́dún tó ń bọ̀.

October 1, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2014, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí ẹ jókòó tì. Ìlú Akote ló ti ṣẹlẹ̀ nínú eré náà, ní 1960, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n sì rán Danladi Waziri, tí Sadiq Daba ṣe, wá láti òkè ọya kó wá wá apànìyàn náà. Ọmọ ọba Adérọ̀pò ti ti yunifásítì dé, ó mọ̀wé, ó gbayì, ó ń fẹ́ Táwà tó jẹ́ tíṣà. Òun ni apànìyàn. Ìwà ìbàjẹ́ tí àlùfáà òyìnbó hù sí i nígbà tó wà ní ọmọdé ilé-ìwé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìgboyà ńlá ni. Ó jẹ́ kí a rí bí ọgbẹ́ ọmọdé ṣe lè di ikú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀sùn kan, kò sì dín ìfẹ́ tí mo ní sí fíìmù náà kù: Táwà nìkan ni a mọ̀ dáadáa nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn. Àwọn tó kú, òkú wọn la mọ̀ jù. Nínú tiyín, ẹ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Aṣọ.

Òṣogbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ìlú aláró, ẹ kò ní láti lọ sí Èkó kí ẹ tó rí aṣọ tó dára yà. Nínú fíìmù ará Kòríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, obìnrin náà wọ aṣọ kan tí àwọn kan rí bí búlúù, tí àwọn mìíràn rí bí àwọ̀ ewé. Ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí kò wá ṣọ̀kan. Ẹ fún olólùfẹ́ méjèèjì ní aṣọ kan náà nígbà tí ayé wọn dára, kí ẹ sì jẹ́ ká rí i nígbà tó yá lára ẹni tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Ó tó.

8. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣiṣẹ́.

Bí fíìmù yín bá lè ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà láìsí ìyàtọ̀, ẹ ò tíì ṣe fíìmù Ìkìrun. Òkè yí Ìkìrun ká, ibi gíga tí ènìyàn lè dúró kó máa wo ilé olólùfẹ́ rẹ̀ láìsí pé wọ́n rí i. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n là kọjá Ìkìrun àti Òkukù lọ sí Jẹ́bà ti wà láti ọdún 1909. Ojú irin jẹ́ ibi tí ọmọdé ń rìn, tí olólùfẹ́ ń pàdé, tí òkú sì lè wà kó dà bí ẹni pé ọkọ̀ ló pa á.

Odò Ọ̀tìn sì wà. Àwọn ìlú wa ń bọ ọ́. Odò yẹn náà ló gbé àwọn ọmọ ogun tó ń sá lọ lójú ogun Jálumi, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun. Nínú rògbòdìyàn ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀ wá sá sí Ìkìrun, wọn kò sì padà sílé títí di 1893. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jẹ́ àlejò. Ṣé ẹ rò pé ìfẹ́ kò ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú méjèèjì ní gbogbo ọdún yẹn, tàbí ìjà, tàbí ohun tí ìdílé kan ṣì ń fi pamọ́? Mi ò ní kí ẹ ṣe fíìmù ogun, owó yín kò tó o. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kan bá kú sínú Ọ̀tìn nínú eré yín, kí ẹ mọ irú omi tí ẹ ń yà.

9. Ẹ ṣọ́ra fún egúngún.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu yín: apànìyàn wọ agọ̀, ó wọ àárín èrò lọ́jọ́ ọdún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó rọrùn jù, ó sì ń ba ohun tó jẹ́ ti ìlú jẹ́. Àwọn àgbà egúngún mọ ẹni tó wà nínú aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọdún egúngún Òkukù, èyí tó le, tó sì dùn jù, ni àgbà tó mọ̀, tí ìbúra kò sì jẹ́ kó sọ fún ọlọ́pàá. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà débẹ̀, ẹ gba àṣẹ.

10. Ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nígbà tí ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ṣì ń ṣeré ní Òṣogbo, wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré wọn sílẹ̀. Wọ́n á sọ bí ìtàn ṣe lọ fún àwọn òṣèré, oníkálukú á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu, á máa tún un ṣe láti ìlú dé ìlú. Karin Barber náà bá wọn ṣeré, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 2000. Adùn èdè wọn ti ibẹ̀ wá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìran ìfẹ́: ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òṣèré méjèèjì, kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ìran tí ẹ̀rí bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí òṣèré má fi ẹyọ kan kún un. Gbólóhùn kan tó já bọ́ lè tú àṣírí kí àsìkò tó tó.

Ohùn òṣèré tún ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀.

11. Nígbà tí apànìyàn bá jẹ́wọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró láàárín yàrá kó máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ti mọ bó ṣe pa á. Ohun tó kù tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fún un ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti dáhùn, kí ẹni tó bi í jẹ́ ìyá olóògbé, kó má ṣe jẹ́ ọlọ́pàá.

12. Ẹ kà á síta kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Bí ìwé eré bá parí, ẹ kó àwọn obìnrin ọlọ́jà mélòó kan jọ ní Ìníṣà, àwọn tó ti ń wo fíìmù Yorùbá láti ìgbà fídíò. Ẹ kà á fún wọn dé ibi tó kù díẹ̀ kí àṣírí tú, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ẹni tó pa á àti ìdí rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ fi nǹkan pamọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mọ̀ ọ́n, tí inú sì bí wọn nígbà tí ẹ sọ ọ́, ẹ ti rẹ́ wọn jẹ, ẹ lọ fi ẹ̀rí kún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó ti ń sun rárà, ẹ wá mi wá pẹ̀lú ìwé náà. Èmi náà á bá yín wá owó.